Wúrà Tó Kú Nínú Fíríìjì Àlejò

Wọ́n ní wúrà kì í jẹrà. Mo fojú ara mi rí èyí tó jẹrà, ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, nínú fíríìjì kan náà tí wọ́n fi mú omi tutù fún àwọn tó wá wò ó.

Àbúrò mi obìnrin ló ni wúrà náà. Kò so ó mọ́rùn, kò fi sétí. Inú ìgò kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló wà, omi pupa ló sì jẹ́. Nígbà òjò ọdún tó kọjá ni, nígbà tó ku iṣẹ́ kan ṣoṣo kí àbúrò mi parí ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Oníròyìn lèmi. Mo ti kọ nípa ilé tó wó àti ọkọ̀ epo tó gbiná, ṣùgbọ́n n kò kọ nípa èyí rí. Kò sí olóòtú tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sí òkú ńlẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn tí ìyá wa kú ni àbúrò mi kó wá sọ́dọ̀ mi ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Ilé ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀ wa. Ẹ̀rọ wọn ń mi ilẹ̀ títí láti àárọ̀, òórùn íǹkì sì ti wọ aṣọ wa débi pé bí mo bá dé ọ́fíìsì, wọ́n á ní, “Ṣómólú ti dé o.” Láràárọ̀, àbúrò mi á fẹsẹ̀ rìn la Bàrígà kọjá lọ sí láàbù kan ní Ladi-Lak, ilé aládàáni alájà méjì kan tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí láàbù yunifásítì wọn kò gbà mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an, mo ní kó sọ ọ́ bí ẹni ń bá àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn mi sọ̀rọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti wo Bàrígà láti orí afárá rí?”

“Mo ti wò ó.”

“Kí lẹ rí?”

“Páànù.”

“Ẹ rí i? Páànù nìkan. Ẹ ò rí ẹni tó ń pọnmi, ẹ ò rí ẹni tó ń jà, ẹ ò rí ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Bí àwa náà ṣe ń rí sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Òrùlé là ń rí. Èmi fẹ́ rí àwọn tó ń rìn láàárín àdúgbò, nígbà tí wọ́n ṣì ń rìn.”

Sẹ́ẹ̀lì ni ègé tó kéré jù lọ tí ẹ̀mí ń gbé nínú ara èèyàn, ẹranko àti ewéko. Àwọn tó fẹ́ wo inú rẹ̀ sábà máa ń fi aró kùn ún, ṣùgbọ́n aró a máa ṣá lábẹ́ iná maikirosikóòpù. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n pa sẹ́ẹ̀lì náà kó tó gba aró. Wúrà kì í ṣá. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ègé wínníwínní, tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè tò sórí ibú irun orí kan ṣoṣo, iná á máa tàn lára rẹ̀ bí ojú ológbò nínú òkùnkùn. Ibi tí wúrà bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á rí i. Ibi tó bá gbà, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìhòòhò ló ń wá sáyé. Omi tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé inú rẹ̀ níyọ̀, bí wúrà ìhòòhò bá kan iyọ̀, ṣe ni yóò so mọ́ra wọn, tí yóò di pàǹtí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Purotéènì ni aṣọ náà. Kì í jẹ́ kí wúrà so pọ̀, á sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rò pé oúnjẹ ni, kó gbé e mì.

“Ẹ̀tàn ni nígbà náà,” ni mo wí.

“Ẹ̀tàn kọ́, bọ̀ọ̀dá mi. Àlejò tó wọṣọ ni. Ta ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà níhòòhò?”

Èròjà wúrà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń tà á. Àwọn tó ń tà á dá àbúrò mi lóhùn pé àwọn kì í fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè wa. Wọn kò ṣàlàyé. Àbúrò mi ka èsì wọn fún mi nídìí oúnjẹ, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ní, “Wọ́n ń wa wúrà ní Iléṣà, mi ò rí wúrà lò ní Bàrígà.” Ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó fọ abọ́, ó sì bi mí léèrè yẹtí ìyá wa.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá wa ni yẹtí náà wà, ní Palmgrove. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ la máa ń pè é, nítorí ìlú wọn. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, obìnrin tó lè dá ìpàdé àwọn ìyá ìjọ dúró pẹ̀lú ikọ́ kan ṣoṣo. A lọ bá a lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?” ló bi àbúrò mi.

“Mo fẹ́ yọ́ ọ ni, mà.”

“Kí o yọ́ ọ di kí ni?”

“Omi, mà.”

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ yíjú sí mi. “Ìwọ tí ò ń gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri, ṣé o gbọ́? Àbúrò rẹ fẹ́ mu yẹtí ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mi ò mu ún, mà. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ń lọ.”

“Sẹ́ẹ̀lì ta ni?”

Àbúrò mi kò mọ irọ́ í pa. “Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ, mà.”

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, bí ẹni pé orí rẹ̀ ti wú. “Yẹtí tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ lọ sí pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Nínú kíndìnrín ọ̀bọ.” Ẹ̀rín gbọ̀n mí. “Rẹ́rìn-ín, máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ni wọ́n á yọ́ lọ́la.”

Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. “Dókítà tí kò ní abẹ́rẹ́, gbọ́ mi. Ṣé àìsàn tó pa ìyá rẹ lo fẹ́ fi wá oògùn sí?”

Bó bá ṣe èmi ni, mà á ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi mi orí. “Rárá, mà. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ rí ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn lè wá fi wá oògùn lẹ́yìn wa.”

“O ò tiẹ̀ lè bá mi parọ́ díẹ̀ kí ara tù mí.”

Ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, yẹtí kan ṣoṣo ló mú dání, ó dì í sínú áńkáṣíìfù. “Mú ọ̀kan. Èkejì ń dúró lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí i o. Mi ò fẹ́ àlàyé, èèbó lẹ máa fi ṣàlàyé. Fọ́tò ni kí o mú wá. Kí n rí i níbi tó wà, kí n rí i pé ó ń tàn.”

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà ní Bàrígà, Alájì kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti pọ́n nítorí làálì. Òun ló bá wa yọ bàbà àti fàdákà kúrò lára yẹtí náà títí ó fi ku ògidì wúrà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Wọ́n máa ń gbé wúrà wá kí n sọ ọ́ di òrùka. Ẹni tó ní kí n dá a padà sí erùpẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ wá.” Àbúrò mi ní, “Ẹ fojú sọ́nà, Alájì. Ẹ máa rí ọ̀pọ̀ wa.”

Àbúrò mi jẹ́ kí n wà ní láàbù lọ́jọ́ tó se é. Ásíìdì ti sọ wúrà di omi yẹ́lò. Ó gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ kaná pẹ̀lú omi tó mọ́, nígbà tó hó, ó da èròjà kan sí i, irú èyí tí wọ́n máa ń rí nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Yẹ́lò náà parẹ́. Omi náà dà bí omi lásán, mo sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ó wá ṣú bí èéfín, ó di àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi pọ́n bíi zobo.

“Ẹ wo àwọ̀ yìí dáadáa,” ni àbúrò mi wí. “Òun ni ẹ̀mí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá pọ́n, wọ́n jìnnà síra wọn nìyẹn. Bí ẹ bá rí i tó di búlúù, wọ́n ti so pọ̀, ó ti kú. Kò sí ohun tó ń jí i.”

Ó ṣẹ́ ku aṣọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, fi purotéènì náà ránṣẹ́ sí i nínú fúláàsì yìnyín. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wá sìnkú nílé ló bá a gbé e dé. Ìgò wúrà kan péré ló tó wọ̀ láṣọ. Maikirosikóòpù tí wọ́n fi ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ti láàbù. Wọ́n yá a ni, ó ń padà lọ bí oṣù bá parí. Ìgò kan nìyẹn, maikirosikóòpù àyálò kan, àti ìparí oṣù. Bí àbúrò mi bá rí fọ́tò rẹ̀ yà láàárín wọn, ó ti di ọ̀mọ̀wé. Bí kò bá rí i, orí tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀ ṣófo.

Ó wọ wúrà láṣọ. Ó fi ẹ̀kán kan sí sẹ́ẹ̀lì tó ń sìn nínú àwo láàbù, ó gbé ìyókù sínú fíríìjì, ó sì pè mí lọ́jọ́ kejì.

Yàrá náà ṣókùnkùn. Mo fi ojú sí maikirosikóòpù, òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ rí. Nígbà tó yá, àwọn iná kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń tàn. Mo rò pé wọ́n dúró sójú kan ni. Ọ̀kan wá gbéra. Ó lọ tààrà, ó dúró, ó padà díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó tún gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e ní ojú ọ̀nà kan náà.

“Ẹ rí i?” Ẹnu àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi. “Ẹ ò rí òpópónà náà, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kì í rìn bí ọ̀mùtí. Nǹkan ló ń gbé e. Ó ń tọ ọ̀nà.”

“Ṣé sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè?”

“Ó wà láàyè, bọ̀ọ̀dá mi. Ìyẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.”

Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára àwọn iná yẹn, ìyá mi ti fi ọdún púpọ̀ wọ̀ ọ́ sétí gbọ́ ariwo èmi àti àbúrò mi.

Kámẹ́rà tí wọ́n máa ń so mọ́ maikirosikóòpù náà kò tíì dé. Àwọn tó yá wọn ní maikirosikóòpù sọ pé ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa mú un wá. Àbúrò mi gbé fóònù sójú maikirosikóòpù, ìmọ́lẹ̀ rẹrẹ nìkan ló mú. A gbìyànjú tirẹ̀, a gbìyànjú tèmi. Asán. Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rí tí kò ní fọ́tò, àhesọ là ń pè é.

“Kò burú,” ni àbúrò mi wí. “Ìgò ṣì kún. Ọjọ́rú, a ó yà á.”

Ìgò náà gbọ́dọ̀ tutù, kò sì gbọdọ̀ dì. Bí omi bá di yìnyín, á ti àwọn wúrà náà mọ́ra wọn, agbára aṣọ wọn kò ká a. Nítorí náà ni àbúrò mi ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn atẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ wa. Wọ́n bá a tẹ ìkìlọ̀ sórí bébà dídán, lẹ́tà pupa gàdàgbà: KÍ Ó TUTÙ, KÓ MÁ DÌ. Ẹ MÁ YÍ BỌ́TÌNNÌ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bi í pé, “Àǹtí, ṣé ẹran iléyá lẹ kó síbẹ̀ ni?” Àbúrò mi lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì láàbù. Mo rí i níbẹ̀. Ó ṣòro kéèyàn má rí i.

Ọ̀gá láàbù gbọ́ pé wúrà ti tàn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin tó mọ èèyàn ni. Kò wá wo maikirosikóòpù, fóònù ló gbé. Ó pe ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n sì ní àwọn á wá ṣàbẹ̀wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kan ṣáájú kámẹ́rà. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un síwájú.

“Ìjọba ni wọ́n ń sún síwájú?” ni ọ̀gá dá a lóhùn. “Àwọn ni wọ́n ń sún wa.”

Ó pe èmi náà. “Oníròyìn wa, ẹ bá wa gbé e síta o. Wúrà Bàrígà!”

Wọ́n kun àtẹ̀gùn. Wọ́n yá àga. Ọ̀gá rìn yíká láàbù, ó ní kí wọ́n ha gbogbo bébà tó wà lára ògiri, ilẹ̀kùn àti fíríìjì kúrò. “Láàbù la fẹ́ fi hàn wọ́n, kì í ṣe ògiri ìdìbò.” Wọ́n gbé omi inú ọ̀rá àti mọ́ọ̀tì wá fún àlejò, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì tí ìgò àbúrò mi wà, nítorí kò sí òmíràn. Kò sí iná ní Ladi-Lak láti òpin ọ̀sẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tàn ní ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́ Ajé, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti lọ sílé, iná dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bí iná bá dé, èèyàn kì í bi ara rẹ̀ léèrè. Á sáré fi ẹ̀rọ fa omi, á sáré lọṣọ, á ṣí fíríìjì, á yí bọ́tìnnì dé òpin, kí gbogbo nǹkan gan kí wọ́n tó mú iná wọn lọ. Òtútù tí a bá kó jọ nígbà tí iná wà la ó máa jẹ nígbà tí kò bá sí.

Àwọn àlejò dé ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun. Aláṣẹ kan láti ọ́fíìsì ìjọba náà ló ṣíwájú, ó wọ fìlà tó ga, àwọn mélòó kan tẹ̀ lé e, ayàwòrán kan wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n jókòó. Ọkùnrin tó ń tọ́jú láàbù pín mọ́ọ̀tì. Yìnyín wà lọ́rùn ìgò.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni aláṣẹ náà wí. “Omi yín tutù dáadáa.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú àbúrò mi. Ó dìde kí wọ́n tó pè é. Ó ṣí fíríìjì, ó ti ọ̀rá omi sápá kan, àwọn ọ̀rá náà ń dún gbagidi bí òkúta. Nígbà tó yọ ìgò rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé e, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo súnmọ́ ọn. “Ó ti dì,” ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ yọ́ ọ. Ó yọ́. Ó la ọwọ́.

Àwọ̀ omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ni. Búlúù tó ti gbó, pẹ̀lú àwọn nǹkan dúdú wínníwínní tó rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò.

Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn wa. Ó gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. “Sà, wúrà náà nìyí.”

“Ṣebí ẹ ní pupa ni?” ni aláṣẹ náà béèrè.

“Ó máa ń pàwọ̀ dà, sà. Sáyẹ́ǹsì ni.”

“Kì í pàwọ̀ dà, sà,” ni àbúrò mi wí. “Ó ti kú ni.”

Aláṣẹ wo ọ̀gá, ó wo ìgò, ó bú sẹ́rìn-ín. “Wúrà ń kú? Màdáàmù, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi o, kó lè dákẹ́ ariwo.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Ó dá ìgò padà sọ́wọ́ àbúrò mi, ó tì í díẹ̀díẹ̀ dé àárín òun àti aláṣẹ.

“Ẹ gbé e sókè, mà,” ni ayàwòrán wí. “Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.”

Ó gbé e sókè. Wọ́n yà á.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ, mo lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú láàbù lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń kó ìgò òfìfo jọ. Mo bi í bóun ló yí bọ́tìnnì.

“Èmi ni, bọ̀ọ̀dá. Ọ̀gá ní kí mọ́ọ̀tì gan. Iná sì dé. Ta ni kì í yí i sókè tí iná bá dé?”

“Ṣé o rí ìwé tó wà níbẹ̀?”

“Mo rí i. Èmi náà ni wọ́n ní kí n ha á kúrò.” Ó gbé kéréètì sílẹ̀. “Mo rò pé wọ́n ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n mú bébà náà kúrò, mo ní ó ti parí nìyẹn. Nílé yín ńkọ́, ẹ kì í yí i?”

À ń yí i. Kò sí ilé kan ní Bajulaiye tí wọn kì í yí i.

Kámẹ́rà dé ní ọjọ́rú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Wọn kò fi wákàtí kan pẹ́. Àbúrò mi so ó mọ́ maikirosikóòpù, ó sì fi ohun tó kù nínú ìgò sí sẹ́ẹ̀lì tuntun, nítorí ó ní òun fẹ́ fojú òun rí i. Kìkì pàǹtí ló fọ́n sẹ́yìn òde sẹ́ẹ̀lì, bí òkúta tí ọkọ̀ já sí ẹnu ọ̀nà onílé. Ìkankan kò wọlé. Omi yẹ́lò tí yẹtí náà yọ́ di ṣì wà nílẹ̀, ó tó se ní àìmọye ìgbà. Aṣọ ni kò sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ òkè òkun kọ̀wé pé owó ìwádìí àwọn ti tán, pé òun kò rí òmíràn fi ránṣẹ́. Ó ní, “Má bínú, ọ̀rẹ́ mi.” Nígbà tí oṣù parí, àwọn tó ni maikirosikóòpù wá gbé e. Wọ́n fi kànrìnkàn dì í dáadáa. Àbúrò mi bá wọn di ìdí àpótí náà mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Fọ́tò tí ayàwòrán ìjọba yà ti jáde lórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ àbẹ̀wò náà tó parí. “Wúrà Bàrígà,” ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ kò dúró dè wá ní Palmgrove. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn wa ní Bajulaiye, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di fóònù ọmọ rẹ̀ mú.

“Mo rí i! Dókítà mi, mo rí ọ! Mo ti fi han gbogbo ìyá ìjọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn tí aláṣẹ ìjọba dúró tì. Mo ní ẹ wò ó bó ṣe ń tàn.”

Mo ṣẹ́jú sí àbúrò mi kó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó rí mi. Ó mú màmá náà jókòó, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Màmá, kì í ṣe òun nìyẹn. Ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ mi yẹn ti bàjẹ́. Ó dì nínú fíríìjì. Ó tàn lóòótọ́, ó rìn, èmi àti bọ̀ọ̀dá mi rí i, ṣùgbọ́n a ò rí fọ́tò rẹ̀ yà kó tó bàjẹ́.”

“Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn ńkọ́?”

“Òkú rẹ̀ ni, mà.”

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ wo fóònù náà títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé ń lu ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. “Ẹ̀gbọ́n mi ti kú lẹ́ẹ̀kan,” ló wí. “Mo sunkún rẹ̀ tán. Kí ló dé tí o tún ń sọ fún mi pé ó tún kú?” Kò mu omi tí mo gbé fún un. Nígbà tí mo sìn ín dé ojú títì Ìkòròdú, ó yíjú sí mi kí ó tó wọ ọkọ̀: “Ẹ ò bá ti parọ́ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́.”

Mo lọ bá ọ̀gá láàbù ní ọ́fíìsì rẹ̀, kì í ṣe bí ẹ̀gbọ́n, bí oníròyìn ni mo ṣe lọ. Mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n ha ìkìlọ̀ kúrò lára fíríìjì. Ó ní ìgbìmọ̀ ìgbàlejò ló ní kí wọ́n tún ilé ṣe. Mo bi í pé àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó ní òun ni alága.

Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàbù kẹ́dùn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní wọn yóò kọ̀wé béèrè maikirosikóòpù náà ní sáà tó ń bọ̀, bí àwọn tó ni í kò bá ní ohun mìíràn láti fi ṣe. Àwọn olùkọ́ àbúrò mi ní ìwé rẹ̀ kò lè kọjá láìsí orí tó kẹ́yìn yẹn. Wọ́n ní kó tọrọ àfikún ọdún, kó sì san owó ilé ìwé ọdún náà. Ọ́fíìsì ìjọba ní àbẹ̀wò àwọn yọrí sí rere, àwọn yóò sì tún padà wá. Ní ti fíríìjì, ọ̀gá ní wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ra tuntun kan. Yàrá ìgbàlejò ni wọn yóò gbé e sí.